Ta Ló Tẹ Rúlà Jẹ́-n-Rí-i?

Jẹ́-n-Rí-i ni àdúgbò ń pe obìnrin aránṣọ yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Bí òjò bá ń rọ̀, tí o wọlé tọ̀ ọ́ tìwọ ti omi lára, yóò ṣì na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé kó tó gbà pé òótọ́ lo sọ. Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan gún un níka, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín ni ṣúgà wà lára rẹ̀," ló fi dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí rúlà onígi rẹ̀ tẹ̀, kíá ló ti mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Òun àti Bàbá Alágbàfọ̀ ló jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀rọ ìránṣọ lápá òsì, tábìlì áyọ́ọ̀nù lápá ọ̀tún. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni rúlà náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbé e lé aṣọ báyìí, àárín rẹ̀ a tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Ẹ̀wù méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá tún ba ẹ̀kẹta jẹ́, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá?

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé rúlà mi."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ lọ̀ lára rúlà? Ṣé ó ní kọ́là ni?"

"Ẹ máa ṣàwàdà lọ. Olè kì í jẹ́wọ́ níwájú onílé."

"Ìwọ obìnrin yìí, rúlà yìí gún gbọọrọ! Wò ó dáadáa."

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti ń di àpọ̀jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rúlà àti téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ sílé, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń tọ́jú wọn sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún fóònù ṣe níkángun òpópónà, wọlé dé, ó di nǹkan kan mọ́yà bí ọmọ tuntun. Ẹ gbọ́ ná, nǹkan yìí dùn-ún wò! Fóònù àlòkù lásán ni. Ó so páìpù ike dúdú mọ́ kámẹ́rà rẹ̀, ó ki dígí róbótó kan sẹ́nu páìpù, iná tíntín sì ń tàn níbẹ̀. Bó bá gbé e síwájú ojú èèyàn, ó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí ká tó lè ríran. Èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn ńlá tóbi tó tábìlì. Èyí wọ àpò ṣòkòtò! Dókítà ojú kan ló yá a ní dígí náà, ó ní kó máa mú àwòrán wá kí àwọn jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi ojú yín dán an wò."

"Kó o lè gbé ojú mi káàkiri ìlú? Fóònù tó o tún ṣe fún mi, ṣebí fúnra rẹ̀ ló ń pe èèyàn?"

"Ẹ̀rù ló ń bà á," ni Bàbá Alágbàfọ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un jókòó. Wọ́n fa aṣọ bo fèrèsé kí ọmọlójú lè là dáadáa. Iná kọ yẹ̀ẹ̀. Àwòrán ojú òsì jáde, ó pọ́n róbótó, iṣan tín-ín-rín sì ta ká inú rẹ̀ bí gbòǹgbò.

Àbúrò rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan dúdú kan wà létí ibí yìí. Àmì pupa àti yẹ́lò tó wà láàárín náà ò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Dókítà ló rán ọ wá wá oníbàárà fún òun, àbí?" Ó dìde. "Bí téèpù bá ń fu aránṣọ lára, ohun tó ti mọ gígùn rẹ̀ ló máa ń fi í wọ̀n. Bàbá yìí ń rí àbàwọ́n lára aṣọ láti òdìkejì títì. Ya tirẹ̀!"

Wọ́n ya ti Bàbá. Ẹ wò ó, nǹkan dúdú náà wà níbẹ̀, ní ojú ibi kan náà gan-an!

"Mo sọ ọ́!" Jẹ́-n-Rí-i pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn!"

Ojú ti àbúrò rẹ̀. Ó tú páìpù, ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ dígí ló rí. Ó nù ún mọ́ tónítóní.

"Ẹ jókòó padà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Jẹ́ n rí i."

Nínú àwòrán tuntun, nǹkan dúdú ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àmì pupa wínníwínní àti ti yẹ́lò kò kúrò láàárín. Wọ́n tún ya ti Bàbá, ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Jẹ́-n-Rí-i mú rúlà, ó fọwọ́ bo ojú òsì: rúlà gún gbọọrọ. Ó bo ọ̀tún: rúlà tẹ̀. Ó yí rúlà padà, bóyá igi ló ń tàn án, ó tún wò ó. Ó tẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ẹ má bínú."

"Èmi tí mo ti fẹ́ ra rúlà fún ọ kí n lè gbádùn!"

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ojú ní ṣúgà tí nọ́ọ̀sì rí lọ́jọ́sí ló ń jẹ́ kí iṣan máa jò lẹ́yìn ẹyinjú, ṣùgbọ́n wọ́n tètè rí i, àwọn lè dá a dúró.

"Dókítà, ẹ kọ́kọ́ ya ojú tiyín ná," ni Jẹ́-n-Rí-i wí. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó jókòó, wọ́n yà á.

Jẹ́-n-Rí-i ti ń gba ìtọ́jú báyìí. Rúlà ṣì tẹ̀ díẹ̀ lójú òsì, àmọ́ kò tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ojú ọ̀tún ló sì fi ń gé aṣọ. Láràárọ̀, kí àbúrò rẹ̀ tó ya ojú ẹnikẹ́ni, ojú Bàbá Alágbàfọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dán ẹ̀rọ wò. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, orí tábìlì áyọ́ọ̀nù ni Jẹ́-n-Rí-i ń fi rúlà sílẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n téèpù, ó ṣì ń gbé e lọ sílé.