Ẹfun Ẹ̀yìn Òṣọ̀ọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ wo òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tó wà lọ́nà oko, nítòsí Ìsarà, máa ń sọ fún mi pé òyìnbó ló wa ihò ńlá tó wà lẹ́yìn omi náà. Mo máa ń rọra tún un ṣe fún wọn. Àwọn obìnrin abúlé ni. Ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn ló ń fi ọkọ́ kékeré wa ẹfun níbẹ̀, tí wọ́n ń rù ú lọ sọ́jà fún àwọn tó fẹ́ kun ògiri ilé. Ojú ọkọ́ wọn ṣì hàn nínú ihò náà.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán mi lọ sí abúlé yẹn láti dá kíláàsì kìíní sílẹ̀. Ilé alámọ̀ ni ilé ìwé wa, òjò sì ti bà á jẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́tà dé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí ilé náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ọmọ yóò máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìsarà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni púpọ̀ nínú wọn. Mo mọ̀ pé ìdajì wọn kò ní lọ mọ́.

Ìyá àgbà tó ń bójú tó ihò ẹfun mú mi gba ẹ̀gbẹ́ òṣọ̀ọ̀rọ̀ wọlé lọ́jọ́ Ajé, kí n lè rí ẹfun kun ilé ìwé. Inú ibẹ̀ tutù, omi sì ń já níwájú wa bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Lápá ọ̀tún, níbi tí omi ń ta sí, ẹfun náà funfun bí ẹ̀kọ. Lápá òsì, ó dà bí eérú.

“Ti apá òsì ni kí o wà, Mísì,” ni ìyá wí. “Èyí tó lẹ́wà yẹn, fi í sílẹ̀.”

Mo rò pé ó fẹ́ pa èyí tó dára mọ́ fún títà ni. Mo dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, ẹfun apá ọ̀tún ni mo wà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi kun iwájú ilé ìwé, ó sì ń dán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, ó ti pọ́n káàkiri bí irin tó dípẹtà.

“Mísì,” ni ọmọbìnrin kan wí, “lápálápá ti mú ilé ìwé wa.”

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo rò nípa rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Dìde. Bí gbogbo ẹ̀yin alákọ̀wé ṣe ń rò nìyẹn. Èyí tí omi ń ta sí ní ìpẹtà nínú; bó bá gbẹ, á yọ ọ́ síta. Èyí tó dà bí eérú ló ń funfun.”

Ó kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n ha èyí tó pọ́n kúrò, wọ́n wa òmíràn, wọ́n sì rẹ ẹ́ mọ́jú, torí ẹfun tí a kò bá rẹ kì í lẹ̀ mọ́ ògiri. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni a kùn ún. A kò tíì fọwọ́ tán tí alábẹ̀wò fi gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó wo ògiri tó dà bí eérú, ó fajú ro.

“Mísì, kí lèyí?”

“Ó ṣì tutù ni, Sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé.”

“Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù fún ilé náà,” ni ìyá wí láti abẹ́ igi. “Ó ń wọṣọ lọ́wọ́ ni.”

Alábẹ̀wò gbọ́ ìwé kíkà, ó gbọ́ ìṣirò, ó yẹ ìwé orúkọ wò. Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí àwọn ọmọ kà. Nígbà tí a jáde, oòrùn ti bá iwájú ilé náà. Òkè ògiri ti funfun. Ìsàlẹ̀ ń funfun lọ lójú wa. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí a mú òun lọ síbi tí a ti rí i. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó sì bá ìyá wọ ẹ̀yìn omi. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, omi ń kán láti ara fìlà rẹ̀, ó sì jókòó, ó kọ̀wé sínú ìwé àbẹ̀wò ilé ìwé wa.

Lẹ́yìn tó lọ, ìyá ní kí n ka ohun tó kọ fún òun. Mo kà á: kí àwọn ọmọ dúró síbẹ̀, kí a sì ṣí kíláàsì kejì ní oṣù kìíní.

“Tún un kà.”

Mo tún un kà.

“Kíláàsì kejì yẹn, ṣé ó ní ògiri?”

“Kò tíì ní, Mà.”

“A ó mọ ọ́n kí ọdún tó parí,” ló wí, ó sì nawọ́ kí n fa òun dìde.