Ohun Tí Ẹ̀rọ Gbé Mì

Má-Pariwo là ń pè é ní yunifásítì, nítorí bó bá ti gbé máíkì jáde, ojú gbogbo wa máa ń rí nǹkan. Á pa fáànù, á lé adìẹ jìnnà, á ní kí èmi tí mo gbé kámẹ́rà má mí. Fíìmù ṣíṣe la jọ ń kọ́, ohùn sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ariwo tí kò lè fi kọ̀ǹpútà gbá dànù. Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tó mọ iṣẹ́ jù wá lọ?

Fíìmù àṣekágbá wa dá lórí bàbá rẹ̀ tó ti kú. Bàbá náà ló ń tọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan; wọ́n lé e, wọ́n ní ó jí wáyà kó. Màmá rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ náà síta rí. Iwájú kámẹ́rà mi ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: "Ọkọ mi ò jalè." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, díẹ̀ ló kù kó di èémí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, a kọ́kọ́ dán fíìmù náà wò nínú gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ibẹ̀, tí kò mọ ìtàn náà rárá, mi orí. "Ó mà ṣe o. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló wá ń jẹ́rìí pé olè ni."

Má-Pariwo ní kó dá a padà. A tún gbọ́ ọ. "Ọkọ mi jalè." Kọ̀ǹpútà tó ń gbá ariwo ti gbá "ò" yẹn mọ́ ìdọ̀tí. A ti gbọ́ gbólóhùn náà títí débi pé etí wa ló ń fi ohun tó sọnù kún un. Inú bí mi, mo fẹ́ bú u, àmọ́ ó ti ń tú àpò rẹ̀ wò.

Ojúlówó ohùn náà, èyí tí kò tíì gbá, wà nílé, àwọn olùdánwò sì ti ń wọlé. Òfin wọn le: fíìmù tí ohùn rẹ̀ bá já, ó fìdí rẹmi nìyẹn. Màmá rẹ̀ ti jókòó níwájú pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí wọn ò yà sílé màmá mọ́ látìgbà tí ilé iṣẹ́ ti lé ọkọ rẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló lọ pè wọ́n wá gbọ́.

"Jẹ́ kó máa lọ," mo sọ sí i létí. "Bóyá àwọn ọkùnrin yẹn ò ní fura."

"Wọ́n á fura. Torí gbólóhùn yẹn ni wọ́n ṣe wá."

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnnì ohùn. Bí ojú màmá rẹ̀ ṣe kún ara ògiri báyìí, ó fa ohùn wálẹ̀ pátápátá. Ẹnu màmá ń mì lókè, a ò gbọ́ nǹkan kan. Olùdánwò àgbà yíjú wò wá, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Màmá dìde nínú òkùnkùn. Ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin olùkọ́," ó ní. Ó wá kọjú sí ọkùnrin méjèèjì. "Ohun tí mo sọ níbẹ̀ ni pé ọkọ mi kò jalè."

Èyí àgbà nínú àwọn méjèèjì ṣí fìlà.

"A mọ̀, ìyàwó wa," ó ní. "Látọjọ́ tí wọ́n ti lé e la ti mọ̀."

Má-Pariwo ò rántí dá ohùn padà. Fíìmù náà lọ tán bẹ́ẹ̀, a sì fìdí rẹmi. Màmá ò jókòó títí iná fi tàn. Ó ń wo ọkùnrin méjèèjì, wọn ò lè wò ó.