Ẹ Jẹ́ Ká Dijú

Bí mo bá ti gbọ́ "Ẹ jẹ́ ká dijú ká gbàdúrà," ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí. Díìnì tó ń bójú tó àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Mowe, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ni mo máa ń rántí. Ní ìpàdé, wọ́n á ní, "Ẹ sọ tinú yín o, inú mi ò ní bí." Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ti le mọ́ wọn, wọ́n á ní ká dijú ká gbàdúrà. Ká tó lajú, Díìnì ti wọ mọ́tò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin ará Ibafo kan dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi ò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bá a bá sì jáde lọ pọnmi, ẹ máa ń fìyà jẹ wá. Kí ni ká ṣe?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti tìtorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dèrò ilé rí.

Díìnì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ gan-an, ṣáájú wa nínú àdúrà."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Bàbá wa ọ̀run, ẹ bá wa bi Díìnì: níbo lomi wà?"

"Àmín!"

"Kí ló dé tó ń yọ nílé tiwọn?"

"Àmín!" Gbogbo gbọ̀ngàn mì tìtì.

Mo fi ojú kan wo Díìnì. Òógùn ti bò wọ́n, àmọ́ wọn ò lè lajú. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ wa pé ẹni tó bá lajú nínú àdúrà ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Omi yọ lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ti dìde láti béèrè ọ̀rọ̀, Díìnì á tètè pariwo: "Ẹ má dijú o! Mo fẹ́ dáhùn."