Wọ́n Ní Kí N Bọ́ Kóòtù Jáàsì Mi ní Ganhi

Wọ́n ní kí n bọ́ kóòtù lọ́rùn mi lónìí, ọmọ ilẹ̀ wa ló sì ṣe é.

Ẹ mọ̀ pé fèrè jáàsì ni mò ń fọn. Ara páálí àwo orin ni mo ti rí irú kóòtù yẹn: bọ́tìnnì mẹ́ta, èjìká tí kò le, pẹ̀lú táì tín-ín-rín. Aṣọ àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn adúláwọ̀ onijáàsì ibẹ̀ tó gbé e wọ̀, tó sì di tiwọn. Bàbá Ràímì, télọ̀ wa ní àdúgbò Gbégamey ní Kùtọnu níbí, fi ọ̀sẹ̀ méjì rán tèmi.

Lọ́sàn-án yìí, èmi àti ẹgbẹ́ olórin mi lọ ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ganhi, àárín ìlú. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Nàgó, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Dàhòmì bíi tèmi, dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ kóòtù yẹn."

"Nítorí kí ni?"

"Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ kí wọ́n ṣì yín mú fún àlejò tó wá gbádùn."

Ó na kóòtù funfun àwọn tó ń gbé ọtí sí mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin ti ń dúró dè mí nínú. Mo bọ́ tèmi, mo wọ funfun náà.

Mo fọn fèrè débi pé gbogbo wọn dìde pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá ìjọba kan, ọmọ Dàhòmì gidi, gbé ife òfìfo lé mi lọ́wọ́.

"Gààsọ́ọ̀n, agbọ́tí, bá mi gbé e lọ."

Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ Faransé, tí a jó fún, ò tíì pé ọdún kan o!

Mo sì gbé ife náà lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má tàn mí: ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ̀ bá ṣe?