Ohun Tí Mo Kà Nínú Ìwé Àwọn Ọlọ́kọ̀ Ogun ní Kàdúná

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tó bá mi lọ́dún kejì ogun yìí ni mo fẹ́ ròyìn, mi ò sì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí.

Olùkọ́ ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkìrun. Délé ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà láìsọ fún mi! Kí n tó gbọ́, wọ́n ti fi í sáàárín àwọn tó ń lo ọkọ̀ ogun onírin. Ẹ̀yin náà ti rí àwọn ọkọ̀ yẹn, àbí? Àwọn tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn rélùwéè, tí wọ́n á fi tapólì bò. Ẹni mẹ́ta ló ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: awakọ̀, ẹni tó ń yìnbọn, àti ọ̀gá wọn. Ọmọ tí mi ò gbà kó gun kẹ̀kẹ́ dé Inísà!

Oṣù ń gorí oṣù, mi ò gbúròó rẹ̀.

Èmi nìkan kọ́. Ìyá Músílíù, ará Èkó-Èndé, tó ń ta ẹ̀pà ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ìkìrun, ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ogun kan náà. Kò sí rélùwéè ṣọ́jà tó máa kọjá tí kò ní sáré tẹ̀ lé fèrèsé rẹ̀, tí á máa béèrè pé ta ló mọ Músílíù nínú wọn. Àwọn ṣọ́jà á dá a lóhùn pé:

“Màmá, àwọn Músílíù tó wà lọ́dọ̀ wa pọ̀ ju ẹ̀pà orí àtẹ yín lọ!”

Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Á bu ẹ̀pà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí rélùwéè bá ti lọ tán, ẹ má wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí a gba họlidé, mo wọ rélùwéè lọ sí Kàdúná. Àbúrò ọkọ mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ṣọ́jà sí. Akọ̀wé Mi ni mo ń pè é. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, mi ò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ará ìta kì í rí ìwé yẹn. Mo ní mi ò ní kúrò níwájú tábìlì rẹ̀. Nígbà tó rí i pé mo ti ń tú gèlè láti tẹ́ ẹ sílẹ̀ jókòó, ó dìde, ó fa ìwé náà jáde.

Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀! Iye ni gbogbo rẹ̀. Iye ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, iye èyí tó bàjẹ́, iye awakọ̀, iye ayìnbọn, iye ọ̀gá ọkọ̀, lóṣooṣù. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lójú ogun ni orúkọ wà. Mo bá ń fi ìka tẹ̀ lé iye ẹgbẹ́ Délé, mo ń ro ó pọ̀ fúnra mi.

“Ìyàwó, ẹ rọra o! Ìwé ọmọ ilé ìwé kọ́ nìyí. Ẹ má lọ fi bírò pupa máàkì í!”

Iye tó yẹ kó wà àti iye tó wà nílẹ̀ bára mu lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ní “full strength” ni àwọn ṣọ́jà ń pe ìyẹn. Mo béèrè pé ṣé kò sẹ́ni tó dín? Ó ní gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, kò sẹ́ni tó dín. Kò parọ́.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, Ọ̀fà, Òkukù, Inísà, ó dà bíi kí n bọ́ọ́lẹ̀ kí n máa ti rélùwéè náà. Ní Ìkìrun, kó tó dúró, mo ti yọrí lójú fèrèsé.

“Ìyá Músílíù! Wọ́n pé o! Mo fojú ara mi rí i!”

Ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó jó, ó ń há ẹ̀pà fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó di ọwọ́ mi mú: “Tísà, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ!”

A wọlé ìwé padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá mú ọmọ kíláàsì mi kan, Bọ́lá, lọ sí Òkukù. Kí n tó máàkì rẹ́jísítà, wọ́n mú òmíràn dé láti Ìgbayè. Mo fún un ní ìjókòó tó ṣófo. Àwọn ọmọ yòókù pariwo:

“Tísà, ìjókòó Bọ́lá nìyẹn!”

Mo ro iye wọn pọ̀. Kò yàtọ̀ sí ti àná. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á ní kò sẹ́ni tó lọ.

Ìwé Kàdúná ló wá sí mi lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé, kí n má baà kọjá níwájú ibùdókọ̀ yẹn.

Nígbà tó yá, Délé dé! Wọ́n fún un láyè ọjọ́ díẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jókòó sórí àga. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ìbọn ba ayìnbọn ọkọ̀ kan, ó kú, wọ́n sì fi òun sípò rẹ̀. Ó ní níbi tí orí òun ń kàn nínú ọkọ̀ náà, ẹnì kan ti fi ìṣó ha orúkọ ìlú sára irin: Ọ̀fà, Òkukù, Inísà, Ìkìrun. Ó parí síbẹ̀. Ojoojúmọ́ lòun ń kà á. Òun béèrè ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ní Músílíù ni, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀pà níbi tó ti máa sọ̀ kalẹ̀.

Mo béèrè oṣù tó ṣẹlẹ̀. Ó wà lára àwọn oṣù tí mo fi ìka tẹ̀ lé.

A jọ lọ sí ibùdókọ̀. Ìyá Músílíù rí Délé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́jà, ó pariwo ayọ̀. “Wọ́n pé lóòótọ́! Tèmi ló kù tí á dé!” Ó ń rọ ẹ̀pà sí i lọ́wọ́. Délé dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, kò lè dìde. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ó gbé àtẹ sílẹ̀. Ó wò mí.

“Tísà, ẹ ṣáà ní wọ́n pé.”

“Wọ́n pé, Ìyá Músílíù. Délé ni wọ́n fi dí i.”

Délé ti padà sójú ogun, sórí ìjókòó yẹn náà. Ìyá Músílíù ṣì ń tajà, kò sáré tẹ̀ lé rélùwéè mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá rí ṣọ́jà ọlọ́kọ̀ ogun, á di ẹ̀pà sínú bébà, á ní kó bá òun fún ẹni tó wà níjókòó Músílíù.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni yín, ẹ má béèrè iye, ẹ béèrè orúkọ. Lóṣù tó ń bọ̀, ìwé Kàdúná á tún pé, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de rélùwéè bíi tiwa ńkọ́? Ẹ sọ tiyín fún mi. Ẹ dárúkọ ọmọ náà.