Okùn Kìíní Gìtá Bàbá Mi

Òórùn rọ́ọ̀bù ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi ti mọ́. Kí ògì tí wọ́n ń pè ní kóko tó hó lórí iná, kí àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ kẹ́ńkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe ní òpópónà wa ní Kotobabi, òórùn náà á ti jáde láti balùwẹ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á sì bá mi lórí ẹní. Bàbá mi ló ń fi para. Tí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe é, á ní òtútù ni. Òtútù, ní Accra tí ògiri pàápàá ń làágùn! Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, nítorí bàbá mi nìkan ni n kì í fura sí nígbà yẹn.

Gbogbo àwọn tó kù ni mo ń fura sí. Màmá mi, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, ló kọ́ mi. Alata, ìyẹn àjèjì láti Nàìjíríà, ni wọ́n ń pè wá ládùúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màmá mi sì máa ń fi sin mí jáde láràárọ̀: “La ojú ẹ sílẹ̀ o, ilé onílé la wà.” Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojú mi ti là kọjá ààlà. Mo mọ ẹni tó ń bu omi wa lọ nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí oníṣòwò kan bá fún mi ní ènì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, mo máa ń tú ìdí ọjà náà wò bóyá ó ti jẹrà.

Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Kokomlemle, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ló ń ṣe láyé, gìtá béèsì tó ń ta ní ìjọ wa ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Gìtá ìjọ ni. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ara rẹ̀ sì ti họ níbi tí bàbá mi máa ń gbé ìgúnpá lé. Okùn irin mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, èyí tó nípọn jù ni bàbá mi ń pè ní okùn kìíní. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, ó mú mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi àtàǹpàkò ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ohùn wọn bí àwọn akọrin ṣe ń kọ ọ́: mi, la, re, so. “Bí wọ́n bá jí ẹ lójú oorun,” ó ní, “ohun tí o gbọ́dọ̀ wí nìyẹn.” Ó fi àwọn irin kékeré tó wà lórí gìtá hàn mí, àwọn tó ń pè ní etí gìtá. Yí i síwájú, okùn á le, ohùn á gòkè. Yí i sẹ́yìn, okùn á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n sì mọ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ti yẹ̀.

Ọ́ńkù Ébò ló ń ta gìtá kejì. Ọmọ Cape Coast ni, ó ga, ọ̀fìnkìn kì í sì í fi í sílẹ̀, nítorí náà tọ̀sán tòru ni rọ́ọ̀bù máa ń wà ní ihò imú rẹ̀. Ésì ló ń pè mí, nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n bí mi. Bẹ́ẹ̀, Bọ́sẹ̀ ni orúkọ mi, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó lè yí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ padà, kí ni kò ní lè yí? Lọ́dún tí mo pé mẹ́sàn-án yẹn ni àbúrò rẹ̀, Kójò, kó wá sí Accra, a sì gbọ́ pé béèsì lòun náà ń ta. Màmá mi gbé ṣíbí ọbẹ̀ dúró, ó wo bàbá mi. “Oníbéèsì méjì nínú ìjọ kan ṣoṣo? Ẹ la ojú yín sílẹ̀ o, Bàbá Bọ́sẹ̀.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun lọ.

Àwa ọmọdé la máa ń tètè dé ìjọ láti nu bẹ́ǹṣì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà ọyẹ́, mo fi àtàǹpàkò ta gìtá náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Re, la, re, so. Mo tún un ta. Okùn kìíní ti kúrò lórí “mi”, ó ti wálẹ̀ sórí “re”. Mo kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ló dẹ̀ ẹ́. Nígbà ìsìn, bàbá mi ta á, kò sì sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Orin náà tiẹ̀ tún dùn sí i, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ń mi bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìdí mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé bàbá mi ló gbọ́n, tó ń fi ọgbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìsìn parí tí mo tún yọ́ lọ ta á, okùn kìíní ti padà sórí “mi”. Ọyẹ́ lè dẹ okùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ibi tó ti ń dá a padà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, re ló tún ń wí. Mo sún mọ́ ọn, mo gbóòórùn ọrùn gìtá náà. Rọ́ọ̀bù! Mo ti gbọ́ òórùn kan náà nílé wa láàárọ̀ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n imú Ọ́ńkù Ébò ni ọkàn mi sáré lọ bá. Lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìdánrawò, mo gba ojú fèrèsé yọjú, mo sì rí i fúnra mi. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé béèsì bàbá mi sórí itan, ó yí etí rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ́tí, ó tún yí i. Ó wo ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó rọra gbé e padà sáyè rẹ̀.

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ó dá mi lójú pé ó fẹ́ kí bàbá mi dójú ti ara rẹ̀ kí Kójò lè gba ipò rẹ̀. Kí ló dé tí n kò sọ fún bàbá mi? Mo mọ̀ pé ó máa gbèjà rẹ̀ ni. Ìbéèrè kan péré ni mo bi í: “Bàbá, ṣé Ọ́ńkù Ébò fẹ́ràn yín?” Ó ní, “Ébò? Ó fẹ́ràn mi ju bí mo ṣe fẹ́ràn ara mi lọ.” Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí ẹni tí wọ́n ń tàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ ìkórè dé. Àwọn àgbà ìjọ wá láti àwọn ẹ̀ka wa gbogbo, aṣọ funfun kún inú ilé. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ni mo ti wà níbẹ̀. Mo gbé béèsì náà, mo yí etí rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí okùn kìíní fi dé orí “mi” géérégé, mo sì lọ jókòó níwájú bí ẹni tó gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá.

Ọ́ńkù Ébò ka ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn akọrin gbé orin. Bàbá mi ta okùn kìíní pẹ̀lú gbogbo ìgboyà rẹ̀, ohùn burúkú kan sì bú jáde tó mú kí gbogbo orí yí padà. Ó tún un ta, ó tún burú. Ó na ọwọ́ òsì láti tẹ okùn kó lè fi wá ohùn tó yẹ. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ìka méjì tó wà láàárín kò ká. Wọ́n kàn nà gbalaja lórí irin, ó ń gbìyànjú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, orin sì ń lọ láìsí òun. Ọ́ńkù Ébò gbé gìtá tirẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ń yí etí gìtá náà padà, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: “Kósẹ́, Bra, kósẹ́,” ìyẹn “Pẹ̀lẹ́, arákùnrin mi, pẹ̀lẹ́.” Gbogbo àgbà ìjọ ló rí ọwọ́ náà.

A ń rìn bọ̀ wálé, màmá mi ti ṣíwájú. Mo sọ fún bàbá mi pé èmi ni mo yí okùn náà. N kò lè gbé ojú sókè. Ó bi mí:

“Ṣé o fà á dé ‘mi’ gan-an?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Etí ẹ dára.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìka méjèèjì ti ń kú. Ọ́ńkù Ébò ló ronú pé kí wọ́n dẹ okùn kìíní dé re, torí ohùn ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbé orin ró, kí àwọn akọrin sì máa gbé orin sórí re. Orin ìyìn tiwa kò nílò ju re, so àti la lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ti wà lórí okùn láìfi ìka kankan tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá bàbá mi yí i, nítorí ọwọ́ náà kò lè yí nǹkan mọ́. Òun náà ló ń dá a padà lẹ́yìn ìsìn kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè. “Ó yẹ kí o bi mí, Bọ́sẹ̀,” ni bàbá mi wí. Mo ní, “Mo bi yín.” Ó ní, “Nípa Ébò lo bi mí. O ò bi mí nípa ọwọ́ mi.”

Kò ta gìtá mọ́ láti ọjọ́ náà. Kójò kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbà láti jókòó síbi tó ṣófo yẹn. Bàbá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi títí ó fi kú, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro fún mi láti gbàgbé.

Èmi ni mo ń ta béèsì ìjọ náà báyìí. Kójò ti lọ sókè òkun. Ẹ má rò pé ìfura ti kúrò lára mi o. Ọkọ mi ní bí ẹnì kan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ń wá ìdí rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àtàǹpàkò òsì mi ń le lówùúrọ̀, mo sì ń wọ balùwẹ̀ lọ fi rọ́ọ̀bù para kí àwọn ọmọ tó jí. Bí wọ́n bá bi mí, mo ní òtútù ni.

Ní Sátidé tó kọjá, mo dé ìdánrawò, mo ta okùn kìíní. Re. Ara mi gbóná lójú ẹsẹ̀. Ta ló fọwọ́ kan gìtá mi? Ta ló fẹ́ gba ipò mi? Bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ṣe dìde nínú mi nìyẹn, ojú rẹ̀ là kedere. Ọ́ńkù Ébò jókòó nítòsí fèrèsé, ó ti darúgbó, ó ń fa imú. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀.

“Ọ́ńkù, ṣé ẹ̀yin lẹ dẹ̀ ẹ́?”

Ó wo ọwọ́ òsì tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn.

“Ésì,” ó ní, “báwo lọwọ́ ẹ?”

Mo na ọwọ́ náà sí i.