Dígí Mẹ́fà Inú Ìkòkò

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá bi mí pé báwo ni mo ṣe di onímọ̀ físíìsì, mo máa ń sọ fún wọn pé ojú mi rí màbo kí n tó débẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa mi ló tún burú jù: obìnrin àkọ́kọ́ báyìí, aṣáájú báyìí, bí ẹni pé ẹnì kan tẹ́ ẹní sílẹ̀ tí mo kàn rìn gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọdún mẹ́rin tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò n'Ìwó, nígbà tí ẹlòmíràn jókòó sórí àga mi nílùú òyìnbó. Inú ń bí mi sí i títí di òní. Mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi pẹ̀tù sí i.

Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Àwa méjì péré la ń kọ́ físíìsì dé òpin ní kíláàsì wa n'Ìbàdàn, èmi àti ọmọkùnrin kan. Olùkọ́ wa jẹ́ òyìnbó kan tó máa ń sáré sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àwọn ohun kíńkíńní tó ń já wá láti òkè sánmọ̀ ní gbogbo ìgbà, tó ń gba inú páànù, inú ògiri àti inú ara wa kọjá láìjẹ́ pé a mọ̀. Ó sọ fún wa pé àyè kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tó máa bá òun padà lọ sílùú òun láti kọ́ iṣẹ́ náà. Àyè yẹn ni mo fẹ́ ju oúnjẹ lọ.

Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní dígí mẹ́fà pé ká gbé e lọ sílé fún ọlidé. Dígí náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èròjà bíi tàwọn tó ń ya fọ́tò nípọn lára rẹ̀, ó sì fi pépà dúdú wé wọn ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ohun kíńkíńní náà bá ti gba ibẹ̀ kọjá, á fi ipa sílẹ̀ bí ìgbín ṣe ń fi ipa sílẹ̀ lára ògiri. Tí a bá wá fọ dígí náà nínú òkùnkùn, bí wọ́n ṣe ń fọ fọ́tò, a ó fi máíkírósíkóòpù rí ipa náà. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo rẹ̀ á dúdú ni, ó tán. Ó ní ká gbé e síbi tí kò gbóná, ká má ṣí i, ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lòun máa mú lọ.

Bàbá mi ti kú. Nínú agboolé wa n'Ìwó, èmi àti ìyá mi nìkan là ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ baálé wa, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ìyàwó wọn. Oko wọn tó wà lọ́nà Kuta ni wọ́n fi rán mi níwèé. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n fi mí fọ́kọ, baálé wa kọ̀, wọ́n ní ọmọ àbúrò àwọn tó ti kú kò ní ti ọwọ́ àwọn ṣòfò. Ẹ rántí èyí, nítorí òun ló so mí lọ́wọ́ nígbà tó yá.

Páànù ilé wa ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Níbo ló wá tutù ju inú ìkòkò lọ? Mo ra ìkòkò tuntun tí omi kò tíì kàn, mo tẹ́ òwú sí i nídìí, mo kó dígí mi sí i. Mo fi aṣọ so ó lẹ́nu, mo gbé e sẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá ìyá mi, mo sì kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i.

Mo mọ ìwé, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ yẹn. Ìkòkò tuntun, ohun tí a fi dúdú wé, aṣọ tí a fi so ó lẹ́nu, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, èèwọ̀ pé kí wọ́n má ṣí i. Ọmọ Ìwó wo ló máa rí ìyẹn tí kò ní fura? Bí ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀, èmi gan-an ì bá ti sá jáde nílé.

Dígí mi ti lo oṣù méjì nínú ìkòkò nígbà tí ibà mú ọmọ ìyàwó kékeré nílé wa. Ibà lásán ni. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí ni ọmọ tó ti Ìbàdàn dé gbé pamọ́. Ìyá mi gbọ́, wọn ò sọ fún mi. Wọ́n rò pé á rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sáàárín agboolé. Dígí mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí ẹní, wọ́n ń kọ mànà nínú oòrùn. Wọ́n ti ká pépà dúdú náà dáadáa, wọ́n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ilé jókòó yí i ká, baálé wa sì wà láàárín wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Baálé wa ní, "Ọmọ mi, máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán. Gbogbo wọn ti rí i pé dígí lásán ni."

"Ẹ ti ṣí i, bàbá?"

"Mo ṣí i lójú gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gbé sókè sí oòrùn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Mo wá ṣàdúà sí i. Ohun tí o ń fi í wá, Ọlọ́run á fún ẹ."

Ìyá mi ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ fún wọn pé o ní ká má ṣí i."

Ìyálé ilé dáhùn pé, "Èyí tó ní ká má ṣí yẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ."

Ó ṣe mí bíi kí n la dígí náà mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pariwo mọ́? Orúkọ mi ni wọ́n fọ̀ mọ́ lójú ilé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Mo wá kó o lọ sí yàrá, mo tún fi pépà wé e, bí ẹni ń wé òkú ẹja.

N'Ìbàdàn, òyìnbó fọ dígí tèmi lójú mi. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ó ní, "Ta ló ṣí i?"

Mo lè sọ òtítọ́. Bóyá á tiẹ̀ ṣàánú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tó bá dọ̀la, á máa fi ìtàn náà mu tíì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé àwọn ará ilé mi rò pé físíìsì ló ń mú ọmọ wọn níbà. Baálé wa á wá di ẹ̀rín lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Mo ní, "Èmi ni."

Ọmọkùnrin kejì mi ló mú lọ.

Mo padà sí Ìwó, mo ń kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ibi tí mo bá ti gbúròó pé wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Bí baálé wa bá rí mi, wọ́n á ní, "Ṣé àdúà ti gbà?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, bàbá," màá sì wọ yàrá lọ máa sunkún ìbínú.

Ọdún kẹrin ni ọ̀kan nínú lẹ́tà náà mú èsì rere wá. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, gbogbo agboolé kún, àwọn àlejò wá láti Olúpọ̀nnà. Baálé wa ti ń darúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n dìde dúró láàárín èrò, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

Wọ́n ní, "Ẹ rántí dígí mẹ́fà ìjọ́sí? Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ṣí i. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e sí oòrùn. Òun ló bí tòní."

Gbogbo èrò ṣe àmín. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ń retí kí n jẹ́rìí sí i.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, bàbá."